Fintech ní yunifásítì: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ níbi tí owó ti pàdé kọ̀ǹpútà?

Lọ́dọọdún, tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, àríyànjiyàn kan máa ń wáyé nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ọmọ á ní kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ kọ́. Bàbá á ní kó lọ kọ́ ìṣirò owó, nítorí kò síléeṣẹ́ tí kì í wá akáǹtáǹtì. Láàárín nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, iṣẹ́ kan ti gbilẹ̀ ní Nàìjíríà tó mú ọ̀rọ̀ bàbá àti tọmọ pọ̀. Fintech ni wọ́n ń pè é: fífi kọ̀ǹpútà àti fóònù gba owó, fowó ránṣẹ́, tọ́jú owó tàbí yáni lówó.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti tóbi tó, kó wo oṣù Kẹwàá ọdún 2020. Nígbà náà ni iléeṣẹ́ Stripe láti Amẹ́ríkà kéde pé òun ń ra Paystack, iléeṣẹ́ fintech tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 2015. Ìròyìn tó jáde ni pé owó náà lé ní mílíọ̀nù 200 dọ́là. Babcock University ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni àwọn méjèèjì ti kàwé. Mitchell Elegbe, tó dá iléeṣẹ́ fintech mìíràn, Interswitch, sílẹ̀ lọ́dún 2002, kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Yunifásítì Benin. Tosin Eniolorunda tó dá Moniepoint sílẹ̀ jáde ní OAU, Ilé-Ifẹ̀. Covenant University ní Ọ̀tà ni Odunayo Eweniyi, Somto Ifezue àti Joshua Chibueze tó bẹ̀rẹ̀ PiggyVest ti jáde.

Nígbà tí wọ́n ń kàwé, kò sí ẹ̀ka tó ń jẹ́ fintech nílé ìwé wọn. Ìdí nìyẹn tí òbí àti ọmọ fi ń bi ara wọn pé: kí ni ẹ̀kọ́ yìí gan-an, ibo ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọ?

Owó kì í rìn, àkọsílẹ̀ ló ń yí padà

Ẹ jẹ́ ká mú ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe lójoojúmọ́. Ọlọ́jà kan ní ọjà Gbàgì, n'Ìbàdàn, fi 20,000 náírà ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó aṣọ fún un ní ọjà Balógun, l'Ékòó. Báńkì tí ọ̀kan ń lò yàtọ̀ sí ti èkejì. Kí ọlọ́jà tó fi fóònù sápò, álààtì ti dún l'Ékòó.

Kò sí náírà kankan tó kúrò n'Ìbàdàn. Báńkì ọlọ́jà Gbàgì ló yọ 20,000 kúrò nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ rán NIBSS, iléeṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, CBN, àti àwọn báńkì jọ dá sílẹ̀ lọ́dún 1993. Ètò ìfowóránṣẹ́ ojú-ẹsẹ̀ tí NIBSS ń lò, ìyẹn NIP, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2011. NIBSS jíṣẹ́ fún báńkì kejì, òun náà sì kọ 20,000 kún ti ẹni tó wà ní Balógun.

Gbèsè tí báńkì kan wá jẹ èkejì, ẹ̀yìn èyí ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀. Bí àwọn oníbàárà báńkì kìn-ín-ní bá fi bílíọ̀nù márùn-ún náírà ránṣẹ́ sí báńkì kejì, tí tọ̀hún náà sì fi bílíọ̀nù mẹ́rin ránṣẹ́ padà, bílíọ̀nù kan péré ni yóò kúrò nínú àkáǹtì tí báńkì kìn-ín-ní ní lọ́dọ̀ CBN bọ́ sí ti èkejì.

Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá já lẹ́yìn tí báńkì kìn-ín-ní ti yọ owó, tí báńkì kejì kò sì tíì kọ ọ́ ńkọ́? Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ń fi fóònù ṣòwò tí kò mọ bó ṣe máa ń rí. Inú ìbéèrè yẹn ni ẹ̀kọ́ fintech wà.

Àwọn oníṣirò owó ti ní òfin tiwọn tipẹ́. Lọ́dún 1494, ní ìlú Venice, Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde tó ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó sílẹ̀ lọ́nà méjì: ibi tó ti jáde àti ibi tó wọ̀. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹnìkan ti ṣàṣìṣe tàbí ẹnìkan ti jalè. Àwọn oníkọ̀ǹpútà náà ní òfin tiwọn. Ní àwọn ọdún 1970, Jim Gray wà lára àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní IBM lórí bí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa ṣe iṣẹ́ tó ní ìpele púpọ̀. Òfin náà ni pé yálà kí iṣẹ́ náà parí pátápátá, tàbí kó rí bíi pé wọn kò bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rárá. Kò gbọdọ̀ dúró lágbedeméjì. Irú iṣẹ́ yìí ló mú un gba ẹ̀bùn Turing lọ́dún 1998.

Ẹni tó bá kọ́ méjèèjì yóò rí i pé òfin kan náà ni wọ́n ń sọ. Yóò tún rí ibi tí òfin náà ti ń ṣòro: báńkì méjèèjì kì í lo kọ̀ǹpútà kan náà, ẹnikẹ́ni kò sì lè pàṣẹ fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nítorí náà, ìfowóránṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀, kó má baà di pé bí wọ́n bá tún iṣẹ́ náà jẹ́, wọ́n á san owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn báńkì tún gbọ́dọ̀ máa fi ìwé wọn wéra, kí wọ́n sì dá owó tó há sáàárín padà.

Ẹni tó mọ kóòdù nìkan lè kọ áàpù tó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i nígbàkígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já, kí oníbàárà sì sanwó aṣọ kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó mọ ìṣirò owó nìkan yóò rí àṣìṣe náà lọ́jọ́ kejì, àmọ́ kò ní mọ ohun tó fà á, débi tí yóò dí ọ̀nà rẹ̀.

Fígọ̀ mẹ́wàá tó wà nínú nọ́ńbà àkáǹtì rẹ

Lọ́dún 2010, CBN gbé ìlànà NUBAN jáde. Òun ló sọ nọ́ńbà àkáǹtì ní gbogbo báńkì di oní-fígọ̀ mẹ́wàá. Mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ti oníbàárà. Ìkẹwàá jẹ́ aṣọ́nà. Ìṣirò ni wọ́n fi ń rí i.

Wọ́n á mú kóòdù báńkì tó jẹ́ fígọ̀ mẹ́ta, wọ́n á fi ṣáájú fígọ̀ mẹ́sàn-án ti oníbàárà, yóò di méjìlá. Wọ́n á wá fi 3, 7, 3 sọ wọ́n di púpọ̀ ní tẹ̀lé-n-tẹ̀lé títí dé ìparí, wọ́n á sì ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní kóòdù báńkì jẹ́ 011, tí nọ́ńbà oníbàárà jẹ́ 000001457. Bí a bá yọ àwọn òdo kúrò, ohun tó kù ni 1×7, 1×3, 1×3, 4×3, 5×7 àti 7×3. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 81. Fígọ̀ tó gbẹ̀yìn nínú 81 ni 1. Bí a bá yọ ọ́ nínú 10, ó ku 9. Nọ́ńbà àkáǹtì náà yóò jẹ́ 0000014579.

Bí o bá ṣi fígọ̀ kan ṣoṣo tẹ̀, àpapọ̀ náà yóò yí, aṣọ́nà kò ní bá a mu mọ́, báńkì yóò sì mọ̀ pé nọ́ńbà náà kò tọ̀nà. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí àwọn áàpù kan lè dárúkọ báńkì tó ṣeé ṣe kó ni nọ́ńbà kan ní kété tí o bá tẹ̀ ẹ́ tán. Wọ́n ń fi kóòdù báńkì kọ̀ọ̀kan dán ìṣirò yìí wò ni, wọ́n sì ń to àwọn tó bá a mu síwájú rẹ.

Àmọ́ aṣọ́nà yìí máa ń gbàgbé ara rẹ̀ nígbà mìíràn. Bí ẹni tó ń tẹ nọ́ńbà òkè yìí bá fi 4 ṣáájú 1, tó tẹ 000004157, 3 náà ni wọ́n fi ń sọ àwọn méjèèjì di púpọ̀, àpapọ̀ yóò ṣì jẹ́ 81, 9 náà ni yóò sì jáde. Bí ẹlòmíràn bá ni nọ́ńbà yẹn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lowó yóò bá lọ. Ìdí nìyẹn tí NIP fi kọ́kọ́ ń béèrè orúkọ ẹni tó ni àkáǹtì, tí áàpù sì ń gbé e sójú fóònù kí o tó tẹ píìnì.

Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò lè jókòó kó wá gbogbo àṣìṣe tí aṣọ́nà yẹn kò lè mú. Ẹni tí yóò sọ pé "ẹ fi orúkọ hàn án kó tó fowó ránṣẹ́" gbọ́dọ̀ mọ oníbàárà, mọ báńkì, mọ ẹni tí gbèsè yóò já lé lórí bí owó bá ṣìnà.

Kí ló wà nínú ẹ̀kọ́ náà?

Bí orúkọ kọ́ọ̀sì ti lè yàtọ̀ tó, nǹkan mẹ́rin ni akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yẹ̀ sílẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni iye owó lórí àkókò. Áàpù ayáni-lówó kan lè kọ ọ́ pé èlé òun jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ọ̀pọ̀ èèyàn yóò fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á ní ìdá ọgọ́ta lọ́dún. Bí èlé bá ń gorí èlé, 100,000 náírà yóò di nǹkan bí 179,600 lópin ọdún. Ìdá ọgọ́rin ló kù díẹ̀ kó pé. Ẹ̀kọ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó ń dá 500 náírà lọ́dọ̀ alájọ fún ọgbọ̀n ọjọ́ mọ̀ pé alájọ yóò mú ti ọjọ́ kan, òun yóò sì gba 14,500 nínú 15,000. Èsúsú náà ní ewu tirẹ̀: ẹni tó kọ́kọ́ kó owó lè má dá mọ́. Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń ṣe é. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1921. Lóde òní, Abbey Wemimo tí wọ́n bí l'Ékòó àti Samir Goel ti dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Esusu. Ó ń jẹ́ kí owó ilé tí ayálégbé ń san déédéé di ẹ̀rí pé ẹni tó ṣeé yá lówó ni.

Èkejì ni ìṣirò ìṣeéṣe àti ti dátà. Nínú ẹgbẹ̀rún èèyàn tó fẹ́ yáwó, àwọn wo ni yóò san án padà? Kọ̀ǹpútà lè wo bí wọ́n ṣe ń ná owó kó sì fojú bù ú. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ojú-bíbù náà ń tanni jẹ, àti ẹni tó ń fìyà jẹ láìnídìí.

Ẹ̀kẹta ni kóòdù fúnra rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, bí wọ́n ṣe ń to dátà pa mọ́, bí wọ́n ṣe ń dáàbò bò ó. Lọ́dún 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní MIT gbé ọ̀nà ìpàrokò kan kalẹ̀ tó dúró lórí ohun tí ọmọ ilé ìwé girama lè lóye. Ó rọrùn láti fi nọ́ńbà prime ńlá méjì sọ ara wọn di púpọ̀. Ó nira gan-an láti mú èsì rẹ̀ kí o sì wá nọ́ńbà méjèèjì rí. Irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ti ń dáàbò bo owó wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀kẹrin ni òfin, òun sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fojú kéré. Ní oṣù Kejì ọdún 2021, CBN pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣòwò owó crypto. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ó yí ìlànà náà padà. Bí kóòdù ẹni tó wà lẹ́nu òwò yẹn ti wù kó dáa tó, ìwé àṣẹ kan láti Àbújá ló sọ bóyá yóò ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì. Lọ́dún 2022, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, gbé ìlànà jáde fún àwọn áàpù ayáni-lówó lẹ́yìn tí àwọn kan nínú wọn ti ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ dójú ti àwọn tó jẹ wọ́n ní gbèsè lójú ẹbí àti ọ̀rẹ́. Òfin ìdáàbòbò dátà Nàìjíríà tẹ̀lé e ní oṣù Kẹfà ọdún 2023.

Nígbà tí apá kan bá mọ̀, tí apá kejì kò mọ̀

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà gbé kóòdù tuntun sórí àwọn kọ̀ǹpútà mẹ́jọ tó fi ń ra ìpín ìdókòwò tó sì fi ń tà á. Wọ́n gbàgbé ọ̀kan. Kóòdù àtijọ́ tó wà lórí èyí tí wọ́n gbàgbé jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ó ń tà, láìdúró. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 45, iléeṣẹ́ náà ti pàdánù ohun tó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là. Àṣìṣe kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó sọ ọ́ di àdánù ńlá ni pé kò sí odi tí yóò sọ pé: bí ohun tí a rà bá ti kọjá iye báyìí, dúró. Onímọ̀ owó ló mọ iye tó yẹ kí odi náà ga tó. Oníkọ̀ǹpútà ni yóò mọ ọ́n.

Ní oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ inú kọ̀ǹpútà báńkì àpapọ̀ Bangladesh, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n san ohun tó sún mọ́ bílíọ̀nù kan dọ́là láti inú àkáǹtì rẹ̀ ní New York. Alẹ́ ọjọ́bọ̀ ni wọ́n mú. Ọjọ́ ẹtì àti àbámẹ́ta ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ní Bangladesh. Ní New York, àbámẹ́ta àti ọjọ́ àìkú ni. Ọjọ́ ajé tó tẹ̀lé e sì jẹ́ ìsinmi ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ní Manila, ní Philippines, ibi tí owó náà ń lọ. Wọ́n dá èyí tó pọ̀ jù nínú àṣẹ náà dúró, àmọ́ mílíọ̀nù 81 dọ́là bọ́ sọ́wọ́ àwọn olè náà. Àwọn olè yẹn mọ kọ̀ǹpútà, wọ́n sì mọ kàlẹ́ńdà báńkì. Ẹni tí yóò ṣọ́ owó kò gbọdọ̀ mọ̀ kéré sí wọn.

Nàìjíríà náà rí tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí CBN pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà, tí owó bébà sì wọ́n gógó. Gbogbo èèyàn sáré lọ sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan náà, ìfowóránṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ìlànà owó kan ló di ẹrù lórí kọ̀ǹpútà.

Ibo ni wọ́n ti lè kọ́ ọ?

Kò pọn dandan kí orúkọ náà jẹ́ fintech. Ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀kọ́ kan wà tó so ìmọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ètò ọrọ̀ ajé, òmíràn sì so ó pọ̀ mọ́ ìṣirò. Yunifásítì Èkó ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ actuary, ìyẹn ìṣirò ewu fún iléeṣẹ́ adójútòfò àti owó ìfẹ̀yìntì. Ẹni tó wà ní ẹ̀ka ìṣirò tàbí statistics ní Ìbàdàn kò jìnnà sí iṣẹ́ yìí ju ẹni tó wà ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà lọ. Níbi tó pọ̀ jù, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì márùn-ún, ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sá fún ìṣirò ní girama yóò bá a pàdé níhìn-ín.

Lókè òkun, oyè kejì ni wọ́n sábà máa ń fi orúkọ fintech pè. Yunifásítì Strathclyde ní Glasgow ní irú rẹ̀. Yunifásítì Edinburgh ní èyí tó so owó, ẹ̀rọ àti ìlànà ìjọba pọ̀. Ní Áfíríkà, Yunifásítì Cape Town ní tirẹ̀. Ní Bìrìtìkó, nǹkan bí ọdún kan ni oyè kejì máa ń gbà.

Kí ìdílé tó ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ìṣirò tí ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ń kọ́ni. Kí CBN tó jẹ́ kí náírà máa wá iye tirẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan wà ní nǹkan bí 470 náírà. Nígbà tó di ọdún 2024, ó ti kọjá 1,500. Owó ilé ìwé tó jẹ́ 20,000 dọ́là gbéra láti mílíọ̀nù 9.4 náírà, ó di mílíọ̀nù 30, láìjẹ́ pé ilé ìwé fi kọ́bọ̀ kan lé e. Láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024 pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ní Bìrìtìkó kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́.

Bí a ṣe lè mọ ilé ìwé tó ń kọ́ni dáadáa

Iṣẹ́ tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ náà ju kíkọ áàpù lọ. Àwọn kan ń wá ẹni tí yóò mú oníjìbìtì kó tó gbowó lọ, àwọn mìíràn ń wá ẹni tí yóò fi ìwé báńkì méjì wéra, tàbí tí yóò ka ìlànà CBN kó sì sọ fún àwọn ẹnjiníà ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ yí padà. Ìwé ẹ̀rí ICAN, ti àwọn akáǹtáǹtì, tàbí ti CIBN, ti àwọn òṣìṣẹ́ báńkì, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti kọ kóòdù, kóòdù náà kò sì dí wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tó yẹ kí òbí àti ọmọ bi ẹ̀ka ilé ìwé ju "ṣé ẹ ní fintech?" lọ. Kí wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà ń kọ́ ìṣirò owó pẹ̀lú àwọn ọmọ akáǹtì, tàbí wọ́n kàn ń ka àkópọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n béèrè bóyá àwọn ọmọ ẹ̀ka owó ń fọwọ́ ara wọn kọ kóòdù, tàbí wọ́n kàn ń wò ó lójú pátákó. Kí wọ́n béèrè ẹni tó ń kọ́ wọn lófin.

Ẹni tó ti wà nílé ìwé tí ẹ̀ka rẹ̀ kò ní apá kejì kò gbọdọ̀ dúró de kọ́ọ̀sì tuntun. Kí ọmọ kọ̀ǹpútà lọ jókòó sí kíláàsì ìṣirò owó ọdún kìn-ín-ní. Kí ọmọ ẹ̀ka owó kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan tí yóò máa tọ́jú ìwé àjọ èèyàn mẹ́wàá, kó pa kọ̀ǹpútà náà lójijì nígbà tí ẹnìkan bá ń san tirẹ̀ lọ́wọ́, kó tún un tàn, kó sì wò ó bóyá ìwé náà ṣì dọ́gba. Bí kò bá dọ́gba, ó ti rí ohun tí yóò kọ́ ní sáà tó ń bọ̀.